Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: máìkì wo ni kí n rà láti fi wọn wúfà méjì ní pálọ̀?

Ọmọ Parakin:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wúfà yìí ti fẹ́ sú mi. Pálọ̀ wa ní Parakin níbí gùn tó mítà 5, ó fẹ̀ tó 4, wúfà méjì oní-ínṣì 12 ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èkejì ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ihò kan náà lára risífà ni mo sì ti fa waya àwọn méjèèjì. Tí ìyàwó mi bá jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ògiri, á ní báàsì yẹn pọ̀ jù, pé àyà òun ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ èmi tí mo wà lórí sọ́fà láàárín, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ti yọ wúfà kúrò níná. Mo ti yí phase (bọ́tìnì tó ń mú kí ìró wúfà bá ti ìyókù mu), mo ti yí vọ́lúùmù, pàbó ni. Wọ́n ní kí n yéé fi etí nìkan ṣe é, kí n wọ̀n ọ́n, mo sì gbà, àmọ́ kí ni kí n rà? Mo rí UMIK-1 tó jẹ́ USB, mo rí EMM-6 ti Dayton tó jẹ́ XLR (irú waya máìkì tí wọ́n ń lò ní stúdíò), àwọn kan ní áàpù orí fóònù ti tó, ẹlòmíì ní miniDSP 2x4 HD, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń tún ìró wúfà tò, ni kí n kọ́kọ́ rà. Owó ọwọ́ mi ò lè ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o.

Bàbá Ìbejì Láàgéré:
Àbúrò, fi ti áàpù yẹn sílẹ̀. Ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe máìkì fóònù fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gé báàsì ìsàlẹ̀ dànù, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì lò ń wá. Ra UMIK-1, kó o fi REW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn ìró yàrá, sórí laptop, ọ̀fẹ́ ni, o ò ní san kọ́bọ̀.

Ẹnjiníà Ede Road:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Kí n fi díẹ̀ kún un, torí ohun tí bọ̀dá wa sọ nípa ìyàwó wọn yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìró ń rìn bíi mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, yàrá tó bá gùn ní mítà 5, ẹ fi 10, ìyẹn ìlọ́po méjì gígùn ẹ̀, pín 343, ẹ ó rí bíi 34 Hz (ìró tó ń gbọ̀n nígbà 34 ní sẹ́kọ́ńdì kan), ìyẹn ni yàrá náà fúnra ẹ̀ á máa gbé sókè ní gígùn ẹ̀, ti ìbú mítà 4 á wà ní bíi 43. Lẹ́bàá ògiri ni irú ìró bẹ́ẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù, láàárín yàrá ló máa ń kú sí. Ilé bulọ́ọ̀kù wa yìí sì tún dá kún un, ògiri ẹ̀ le, kì í jẹ́ kí báàsì jáde, ó kàn ń dá a padà sínú yàrá ni. Torí náà ẹ má tíì ra miniDSP. Máìkì lẹ ó kọ́kọ́ rà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé wúfà kiri, ẹ tún un wọ̀n. Wúfà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹ gbé e sí àárín ògiri ẹ̀yìn, kí ti iwájú náà wà láàárín ògiri iwájú, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Todd Welti, olùṣèwádìí ní Harman, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, ti ṣiṣẹ́ lórí irú ètò yìí láti 2002, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Sáùǹdù Mọdákẹ́kẹ́:
Mi ò fara mọ́ USB yẹn pátápátá. Wúfà méjì ni wọ́n ní, wọ́n á nílò àkókò tí ìró kọ̀ọ̀kan fi dé. Aago máìkì USB yàtọ̀ sí ti ibi tí ìró ń gbà jáde. XLR ló dáa jù.

Ẹnjiníà Ede Road:
Òótọ́ lẹ sọ nípa aago, àmọ́ REW ní acoustic timing reference, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà fi ìró ka àkókò. Ó máa kọ́kọ́ fi ìró tín-ín-rín kan jáde látinú sípíkà kan, tòsì tàbí tọ̀tún, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Kí wọ́n má ṣáà pààrọ̀ sípíkà yẹn, kí wọ́n má sì mi máìkì, ó ti parí. EMM-6 dáa o, àmọ́ ó ń béèrè phantom, iná tó ń gba inú waya XLR wá bá máìkì, ìyẹn ni pé wọ́n á tún ra sáùǹdù káàdì àti waya XLR. Ẹni tó ti ní nǹkan ríkọ́dìn nílé ló yẹ.

Àǹtí Elẹ́kítíróníìkì:
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ara máìkì náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìkànnì miniDSP, àwọn náà ló ṣe UMIK-1. Fáìlì tí wọ́n fi wọn máìkì yẹn gan-an ló máa gbé wá. Tí ò bá gbé nǹkan kan wá, ẹ má rà á, kódà bó pọ́ọ̀kú.

Bàbá Ìbejì Láàgéré:
Àbúrò, ihò tó o bá rí lórí gíráàfù, ibi tí ìró ti lọ sílẹ̀ gan-an, má fi EQ (ohun tó ń gbé ìró kan sókè tàbí sílẹ̀) kún un o! Tó o bá fi 6 dB péré (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe pọ̀ tó) kún un, ìlọ́po 4 agbára lò ń béèrè lọ́wọ́ ámpù, ihò yẹn ò sì ní kún, torí ìró tí ògiri dá padà ló ń pa èyí tó ń jáde. Èyí tó yọ sókè ni kó o gé. Tó o bá wá gbé wúfà kiri tán tó ṣì kù díẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o wá owó miniDSP, á jẹ́ kó o fún wúfà kọ̀ọ̀kan ní delay (ìdádúró díẹ̀ kí ìró tó jáde) àti EQ tiẹ̀. Kó o sì pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀ tó o bá ń wọ̀n ọ́n, alẹ́ ló dáa jù, kí ìró tó o fi ń wọ̀n ọ́n wà ní bíi 75 dB, ó ti tó.

Ọmọ Parakin:
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. UMIK-1 ni mo máa rà, miniDSP á dúró ná. Ní Sátidé mo máa gbé wúfà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé mo lè fọwọ́ di máìkì náà mú?

Àǹtí Elẹ́kítíróníìkì:
Rárá o. Ẹ wá tiráípọ́ọ̀dù kámẹ́rà, kó wà ní ibi tí etí yín máa ń wà tẹ́ ẹ bá jókòó sórí sọ́fà, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀.