Ṣé kí n gé gbogbo igi inú oko kòkó bàbá mi dànù?

Ìbéèrè, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Oko kòkó ẹ́kà 2 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti gbó, mo sì fẹ́ tún un gbìn. Àwọn kan ní kí n gé ìrókò, afàrà àti àgbálùmọ̀ inú rẹ̀ dànù. Ẹlòmíràn ní tíìkì ni kí n fi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Mo tún ń gbin iṣu lórí ilẹ̀ tí mo ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá iṣu sì ti wọ́n gógó. Níbo ni mo ti lè kọ́ bí a ṣe ń gbin igi pọ̀ mọ́ ohun ọ̀gbìn?

Àgbẹ̀ àgbà kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè
Ọmọ mi, má tíì gbé ayùn. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kò lè dá dúró nínú oòrùn gbangba, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ṣáájú rẹ̀, tí a ó sì wá gbin kòkó sáàárín ní mítà 3 síra wọn. Nígbà tó bá dàgbà, ìbòji fúyẹ́fúyẹ́ ló fẹ́: oko tí kò ní igi kankan ni àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu máa ń pọ̀ sí, àmọ́ èyí tó ṣókùnkùn jù, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè kọjá, ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú ń bà jẹ́ lásìkò òjò. Igi ńlá 16 sí 18 nínú hẹ́kítà 1 ni wọ́n ń dámọ̀ràn fún àgbẹ̀ kòkó ní Gánà, ìyẹn bí 7 nínú ẹ́kà kan. Àràbà ni kí o yọ, nítorí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ (àfi bó bá jẹ́ èyí tí ìdílé ń bọ, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ẹbí).

Ìyá àgbẹ̀ kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì
Ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá gbin igi tó máa pẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọn yóò ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni. Lọ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí o sì ṣàlàyé pé igi àgúnmánìyè (gliricidia) lo fẹ́ gbìn, pé ọ̀pá iṣu lásán ni. Bí o bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí o fi gúnlẹ̀ lásìkò òjò, yóò hù.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, mà. Ṣé kò ní ṣíji bo iṣu?

Ìyá àgbẹ̀ kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì
Yóò ṣíji bò ó bí o kò bá gé e. Gé àwọn ẹ̀ka nígbà tí o bá ń gbin iṣu, tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ebè, kí o fi ìtí rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣu láti gùn. Ewé náà tètè ń jẹrà, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń dá náítírójìn padà sínú ilẹ̀. Iṣẹ́ gígé ẹ̀ka yìí ló sú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí wọ́n fi sá fún un.

Òṣìṣẹ́ agbanimọ̀ràn àgbẹ̀, Adó-Èkìtì
Ní ti tíìkì, ẹ gbìn ín sí ààlà oko bó bá wù yín, nítorí yóò pẹ́ kí ó tó mówó wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fẹ oko kòkó náà, ẹ má wọ inú igbó: òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2023 kọ kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020.

Ní ti ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ADP, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó agbègbè yín. CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, ló mọ tinú-tòde kòkó. FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn bákan náà, ló mọ ti igi. Ẹ béèrè irúgbìn TC, ìyẹn irú kòkó tí CRIN mú jáde, lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá títì kì í sábà mọ ibi tí tirẹ̀ ti wá.