Èèpo ọta ń há sínú ìbọn mi, ẹ gbà mí o!

Àbẹ̀kẹ́, Houston: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá ṣe ìdánwò LTC, ìwé àṣẹ gbígbé ìbọn ní Texas, ọta 50 ni wọ́n á ní kí n yìn. Mo gbé ìbọn mi lọ sí range, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, lónìí. Ìbọn ìléwọ́ 9mm kékeré ni, tuntun ni. Ó ń yìn dáadáa, àfi kí èèpo ọta kan ṣàdédé dúró ṣánṣán lẹ́nu ihò ẹ̀gbẹ́ slide, irin òkè ìbọn tó ń lọ tó ń bọ̀, kí slide má lè padé mọ́. Páálí kan ò tíì tán tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé kí n dá a padà fún wọn ni?

Akin, Dallas: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ má tíì dá nǹkan kan padà, ọwọ́ yín ni. Bí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀, ìbọn lódindi ló máa bá slide lọ sẹ́yìn. Slide ò ní rìn dópin, èèpo ò sì ní rí agbára tó máa ta á síta. Èmi ra spring tuntun tó ń ti slide padà, mo ra extractor, èékánná irin tó ń kọ́ etí èèpo ọta, mo tún sanwó fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ó lé ní $200. Ìgbà tí bàbá kan ní range gba ìbọn ọ̀hún lọ́wọ́ mi, tó yin páálí kan tán tí ò há, ni ojú mi tó là.

Ìyá Ìbejì, Atlanta: Akin, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lọwọ́ o. Àbẹ̀kẹ́, ọta wo lo rà? Spring ìbọn kékeré máa ń le, pàápàá tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ ò lágbára ò lè tì í dẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 115 grain ni, ìyẹn ìwọ̀n orí ọta, wá 124 tó lágbára dán wò. Kọ 1 àti 2 sídìí àwọn màgasíìnì rẹ, ìyẹn àpótí tí ọta ń wọ̀, kó o wò ó bóyá ọ̀kan náà ló ń há ṣáá. Ẹyọ nǹkan kan ni kó o máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Délé, Houston: Àǹtí, ẹ kàn fún un ní òróró. Èmi máa ń fín in sí gbogbo inú tèmi, dé ibi tí pín tó ń gún ìdí ọta wà.

Bàbá Bọ́lá, Chicago: Délé! Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn? Gbígbẹ ló yẹ kí ihò pín yẹn wà. Òróró á pò mọ́ èérí ẹ̀tù, bí òtútù bá wá mú un, á le bí àmàlà àná. Pín ò ní lè gún ìdí ọta mọ́. Ó ṣe mí rí níbí, ìbọn kọ̀ jálẹ̀. Kán an díẹ̀díẹ̀ sójú irin tí slide ń yọ̀ lé, ó tó. Àbẹ̀kẹ́, tú gbogbo ọta kúrò, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù họ abẹ́ extractor yẹn. Gírísì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ lè wà níbẹ̀.

Délé, Houston: Ṣùgbọ́n tèmi ń ṣiṣẹ́ o, bàbá. Houston ò ní òtútù.

Akin, Dallas: Òróró inú gárèjì lò ń lò, àbí? Ó lè wọ ìdí ọta, kó sọ ọ́ di òkú. Jọ̀ọ́, má kọ́ àǹtí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Atlanta: Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Àbẹ̀kẹ́, tó bá há, jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tó ń yìn sí, yọ ìka kúrò lórí apátí. Gbá ìdí màgasíìnì sókè, fa slide dẹ́yìn pátápátá, kó o jù ú sílẹ̀. Àmọ́ bí ọta kan bá dún pó láìmi ọwọ́ rẹ, dúró! Orí ọta lè ti há sínú ọ̀pá. Tó o bá yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá á bẹ́ lójú ẹ.

Tósìn, Houston: Ẹ̀gbọ́n, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Ṣé mo lè bá wọn lọ yìn díẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Atlanta: Rárá o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà á, àyàfi ìwọ̀nba bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Dúró de green card.

Rónkẹ́, Peckham: Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà yìí! Láti 1997, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Dunblane, níbi tí ẹnì kan ti yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Scotland, ni wọ́n ti fòfin de ìbọn ìléwọ́ níbí. Àwa ń sùn, a ń hanrun.

Délé, Houston: Nínú yàrá tí ẹsẹ̀ yín ń kan ògiri! Ẹ wá sí òpópónà Bissonnet ní Houston níbí kẹ́ ẹ wá jẹun.

Akin, Dallas: Ewédú olómi ti Houston? Ẹ yà ní Dallas kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Bàbá Bọ́lá, Chicago: Ẹ rán mi létí bàbá àgbà mi n'Ísẹ́yìn. Tó bá ti oko ọdẹ dé, omi gbígbóná ló fi ń fọ ọ̀pá ṣakabùlà, á máa sun ìjálá lọ, àwa ọmọdé á sì máa gbè é. Mi ò gbọ́ ìjálá lójúkojú láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Rónkẹ́, Peckham: Háà, bàbá. Ará Ìsẹ́yìn ni màmá mi.

Bàbá Bọ́lá, Chicago: Àdúgbò wo?

Àbẹ̀kẹ́, Houston: Ẹ ṣé o. 115 ni mo rà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti họ ọ́ tó tún há ńkọ́?

Délé, Houston: Kí n bá yín lọ ní Sátidé, àǹtí?

Akin, Dallas: Ẹ yẹ àpò ẹ̀ wò kó tó wọ mọ́tò. Kò gbọ́dọ̀ mú òróró dání.