Kàtídírà Köln ní wákàtí mẹ́rin: ṣé àwọn àgbà lè gun ilé ìṣọ́ rẹ̀?

Akọrin Adó: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwa akọrin láti Adó-Èkìtì máa yà ní Köln ní Jámánì, wákàtí mẹ́rin péré la ní kí rélùwéè tó tún gbé wa. Ẹrù wà lọ́wọ́ kálukú, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sì wà nínú wa. Ṣé gbogbo wa lè gun ilé ìṣọ́ Kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ìmúra. Ẹrù lẹ ó kọ́kọ́ wá ibi kó sí, torí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé àpótí ńlá wọlé. Inú ibùdókọ̀ rélùwéè ni ẹ ti sanwó tọ́jú rẹ̀; bí ẹ bá ti jáde níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà ló dúró níwájú yín yẹn.

Ní ti òkè, àtẹ̀gùn 533 ni, òkúta ni, ó ń yí po, kò sì sí líìfùtì. Ọ̀nà kan náà làwọn tó ń gòkè àtàwọn tó ń sọ̀ ń gbà. Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ wa le lóòótọ́, àmọ́ èèyàn lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó mí níbẹ̀. Níhìn-ín, ẹni ẹ̀yìn ń mí sí yín lọ́rùn. Ibi ìsinmi tó dáa ni yàrá agogo, níbi tí agogo tí wọ́n rọ ní 1923, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 24, wà. Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí òòyì máa ń kọ́, kó má dán an wò: sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún jù.

Ará Ìkọ̀lé: Èmi ò ní fi wákàtí kan ṣòfò lórí àtẹ̀gùn. Inú ilé lọ̀rọ̀ wà. Àjà rẹ̀ ga tó mítà 43, ògiri rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì gíláàsì, nítorí àwọn apá òkúta tó wà níta ló ń gba ìwúwo òrùlé. Ẹ wo fèrèsé tí ayàwòrán ará Jámánì, Gerhard Richter, ṣe ní 2007 ní apá gúúsù ní ọ̀sán tí oòrùn bá ràn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tàn. Ẹ̀yìn pẹpẹ ni àpótí wúrà Àwọn Amòye Mẹ́ta wà. 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà, 1880 ni wọ́n parí rẹ̀, torí iṣẹ́ dúró fún ohun tó ju ọ̀rúndún méjì lọ.

Ẹ wo àkókò ìsìn Máàsì kí ẹ tó lọ. Wọn kì í jẹ́ kí olùwòran máa rìn kiri nígbà ìsìn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣí fìlà.

Akọrin Adó: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé a lè kọrin díẹ̀ níbẹ̀?

Ará Ìkọ̀lé: Láìgba àṣẹ, rárá. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Bí wọ́n bá gbà, ẹ yan orin tó falẹ̀, tí kò ní ìlù: ohùn kì í tètè kú nínú ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀, dùndún á kàn di ariwo ni.