Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ń fi òótọ́ inú sin ajá tà ní Abẹ́òkúta?

Ìyá Fèyí, Ọ̀bántókò:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan tí ń sin ajá tà nílùú yìí gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi lórí ọmọ ajá Alsatian kan, abo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹfà tó dé ilé wa ni kò jẹun mọ́. Nígbà tó di alẹ́, ó ń bì nǹkan tó ń hó bí ọṣẹ, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e, òórùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò nínú yàrá títí di òní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú sórí aṣọ ìbora Fèyí. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo pe ọkùnrin náà kó tó gbé fóònù, ohun tó sì sọ kò ju pé ara ajá náà dá ṣáṣá nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ òun. Ọkọ mi wà ní ìrìn àjò, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń sọ pé owó ilé-ìwé ọmọ ni mo fi ra ajá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ júwe ẹni tí kò ní ta ajá aláìsàn fún mi.

Alàgbà Ìtòkú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọdẹ ni bàbá mi ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, kò sì mú ọmọ ajá wálé rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó ti ìyá rẹ̀. Yóò ju egungun sí i, yóò sì wo bí ó ṣe ń ṣe sí àlejò, nítorí pé ìyá tó bá lójo tàbí tó ń géni jẹ láìnídìí, ọmọ rẹ̀ sábà máa ń jọ ọ́. Ṣé ẹ rí ìyá ajá yìí kí ẹ tó sanwó?

Ìyá Ìbejì, Panṣẹ́kẹ́:
Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni ajá náà? Ṣé wọ́n fún yín ní káàdì àjẹsára, tí dókítà ẹran fọwọ́ sí? Ṣé wọ́n ti fún un ní oògùn aràn? Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí ná, kí a tó mọ ohun tí a ó sọ.

Ìyá Fèyí:
Èmi kò rí ìyá rẹ̀. Ó ní òun kì í jẹ́ kí àlejò wọ ọgbà òun. Ẹni tí kò bá fi nǹkan pamọ́ kì í tilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà.

Bọ̀dá Àdàtán:
Ẹ má bínú, Ìyá Fèyí, èmi náà ń sin ajá, n kò sì gba àlejò wọlé títí àwọn ọmọ ajá yóò fi gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, nítorí pé bàtà ènìyàn lè gbé àrùn pávò wọlé, ìyẹn àrùn tí ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kí ó sì máa ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń mú ìyá wọn wá sí ẹnu géètì kí oníbàárà rí i. Ẹni tó bá kọ èyí pàápàá, ẹ sá fún un. Ọmọ ajá kankan kì í sì í kúrò lọ́dọ̀ mi kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, bí ó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó.

Bàbá Láfẹ́ńwá:
Ẹ ra ajá ìbílẹ̀, kí ẹ yé dààmú. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣàìsàn.

Ìyá Ìbejì, Panṣẹ́kẹ́:
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pávò kò mọ ajá ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Mẹ́rin nínú ọmọ ajá ìbílẹ̀ wa ni ó pa lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Fèyí, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè mi.

Ìyá Fèyí:
Ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 ni. Ọkùnrin náà ní kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí Fèyí ti kù sí dẹ̀dẹ̀. N kò rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè pa ajá. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ẹ̀yin ará, nítorí pé bákan náà ni èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe kú ní oṣù méjì sẹ́yìn, kò sì sí olóòótọ́ nínú wọn. Mo ti rí ẹnì kan ní Ìbàdàn báyìí, mo ti san àsansílẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni ajá náà ń bọ̀.

Dókítà ẹran, Òkè-Ìlewó:
Ìyá Fèyí, ẹ dúró. A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ajá méjì kú nínú ọgbà kan láàárín oṣù méjì, pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà! Pávò sábà máa ń fi ọjọ́ 3 sí 7 lúgọ sínú ara kí àmì rẹ̀ tó hàn, nítorí náà ajá tó dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà lè ti kó o níbi tí ẹ ti rà á, ó sì lè kó o nínú ilé yín. Àrùn yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan. Ṣé dókítà kankan yẹ̀ wọ́n wò, yálà ní ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, tàbí níbòmíràn? Ṣé àwo kan náà ni wọ́n fi jẹun? Ẹ pe ará Ìbàdàn yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́, yóò pa ajá náà mọ́ lọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé, ìyẹn nígbà tó bá tó ọmọ ọ̀sẹ̀ 16. Ní ti àgò àti ilẹ̀ símẹ́ńtì, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ po ife bílíìṣì 1 mọ́ ife omi 32, kí ẹ dà á sí wọn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ìyá Fèyí:
Dókítà kankan kò yẹ̀ wọ́n wò. Àgò kan náà ni, àwo kan náà ni, omi lásán ni mo sì fi fọ̀ wọ́n. Mo ti pe Ìbàdàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ fún òun, ó ní òun yóò tọ́jú ajá náà, kí n máa san owó oúnjẹ rẹ̀. N óò pe ọkùnrin tí mo ń bú yẹn náà. Ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀yìnkùlé wa, abẹ́ igi ọsàn ni Fèyí sì sin àwọn méjèèjì sí. Ṣé kí n da omi bílíìṣì náà síbẹ̀?

Dókítà ẹran, Òkè-Ìlewó:
Rárá, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yẹ̀pẹ̀, yóò kàn ba igi yín jẹ́ ni. Ẹ ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, kí ajá tuntun má ṣe dé ibẹ̀, kí Fèyí sì bọ́ bàtà rẹ̀ síta bí ó bá ti ibẹ̀ bọ̀.