Àyẹ̀wò ìlera lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí: báwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì 20 ṣe to iṣẹ́ náà?

Akẹ́kọ̀ọ́Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì 20 ni wá, olùkọ́ méjì ń bá wa lọ. A fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún ẹlẹ́wọ̀n 200 ní Ìkòyí: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ife àti kúrúnà. Àṣẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Báwo la ṣe máa tò ó tí kò fi ní dà rú mọ́ wa lọ́wọ́? Ṣé kí a fi HIV kún un?

Nọ́ọ̀sìÀgbàÀpápá:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì kílíníìkì inú ọgbà, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ bá rí máa já sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ló wà nílẹ̀? Ta ló máa gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le lọ sílé ìwòsàn? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ dín iye èèyàn kù. Àyẹ̀wò tí kò ní ìtọ́jú lẹ́yìn, ẹ̀rù ló ń dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè jáde lọ wá dókítà fúnra rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń dúró de ìdájọ́. Ẹni tí ẹ rí lónìí lè gba béèlì lọ́la. Ìwé èsì méjì ni kí ẹ kọ: ọ̀kan fún kílíníìkì, ọ̀kan fún onítọ̀hún. Ẹ yan Sátidé, torí láàárín ọ̀sẹ̀, kóòtù á ti kó ọ̀pọ̀ wọn jáde.

Ní ẹnu géètì, wọ́dà máa ka ẹrù yín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Bí abẹ́rẹ́ ìgúnka bá jẹ́ 240 tí ẹ gbé wọlé, èyí tí ẹ lò pẹ̀lú èyí tó kù gbọ́dọ̀ pé 240 nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ ra irú èyí tó ń fà padà sínú tí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù ò ní wọlé, ẹ so aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá mọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ÌlúYábàá:
Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń jẹ àkókò jù. Ẹ to àga márùn-ún sẹ́yìn tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ṣe ń sún láti àga dé àga, ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ ti pé. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà ní ọ̀gangan ọkàn, kó dákẹ́. Kó lọ tọ̀ kó tó jókòó, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé iye náà sókè. Aṣọ ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá, bó bá kéré jù, òun náà ń gbé e sókè, torí náà ẹ mú ńlá dání. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì. Bó bá jẹ́ 140/90 sókè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àtúnwọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá ti dé 180/120, tí orí ń fọ́ ọ, tí àyà ń dùn ún tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ní ti ṣúgà: ọṣẹ àti omi ni kó fi fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ. Ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó lè sọ èsì di irọ́. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka, ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, ẹ má fún ìka pọ̀. Ẹ dé ìgò sítíríìpù tí a fi ń wọn ṣúgà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rinrin Èkó ń bà á jẹ́. Ẹ bi í ìgbà tó jẹun, torí 126 mg/dL ni ààlà fún ẹni tí kò jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, 200 sì ni fún ẹni tó ti jẹun tí òùngbẹ ń gbẹ, tó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́.

Nọ́ọ̀sìÀgbàÀpápá:
Òótọ́ ni. Àwọn tó ń wúkọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò lórí ìlà kíákíá, kí wọ́n lọ jókòó síta gbangba. Ìbéèrè mẹ́rin: ikọ́, ibà, òógùn òru, rírù. Níbi tí èèyàn ti há mọ́ra báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí ikọ́ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìta ni kí ó ti ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ìgò, kò gbọdọ̀ jẹ́ itọ́ lásán. Ara ìgò ni kí ẹ kọ orúkọ sí. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìdérí, ìdérí lè pààrọ̀. Ìbòmú N95 ni kí ẹ̀yin wọ̀.

Kúrúnà: ẹ wo àárín ìka, ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí. Bí ẹnì kan bá ní in, gbogbo yàrá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kun oògùn lọ́jọ́ kan náà, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí oògùn ò bá kárí, ẹ kó o fún kílíníìkì kí wọ́n fi ṣe yàrá kan pátápátá.

Ẹ mọ ibi tí oògùn ààbò HIV wà kí ẹ tó gbéra. Bí abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò bá gún ẹnì kan nínú yín, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kó má fún un, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn kí wákàtí 72 tó kọjá, kó lò ó fún ọjọ́ 28.

Akẹ́kọ̀ọ́Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an, mà. HIV ńkọ́? Bí wọ́dà bá sì ní òun gbọ́dọ̀ dúró tì wá ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ÌlúYábàá:
Ẹ fi HIV sílẹ̀ àyàfi tí olùgbani-nímọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ bá wà, tí kílíníìkì sì lè bẹ̀rẹ̀ oògùn. Òfin Mandela tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015 sọ pé ìyọ̀ǹda àti àṣírí ẹlẹ́wọ̀n kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà níta. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ní ti wọ́dà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró síbi tí ojú rẹ̀ á ti tó yín, tí etí rẹ̀ ò ní tó ọ̀rọ̀. Ní tábìlì ìkẹyìn, níbi tí ẹ ti ń sọ èsì fún wọn, iye ìṣẹ́jú kan náà ni kí ẹ lò pẹ̀lú gbogbo wọn, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá àti ẹni tí kò yá, kí ẹ sì ká ìwé gbogbo wọn bákan náà. Bí ẹ bá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo yàrá rẹ̀ á ti máa bi í ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀.