Ta ló ti rí baba ńlá rẹ̀ nínú gíráàntì Èkó àtijọ́?

Ọmọ Olówógbowó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá wa papò dà lọ́dún tó kọjá, àìpẹ́ yìí la tó láyà láti ṣí àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àárín rìsíìtì owó orí àti fọ́tò ìgbéyàwó la ti rí ìwé kan tó ti pọ́n bí háhá àgbàdo. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a ti já, ẹnì kan sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gíráàntì ni, ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń fún èèyàn nílẹ̀, lórúkọ Ọbabìnrin Victoria, 1866. Wọ́n ya ilẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, igun mẹ́rin tí kò gún dáadáa, wọ́n wá kọ ohun tó bá a pààlà: àríwá, títì, ìlà oòrùn, ilé lágbájá, gúúsù, ilé tàmẹ̀dò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ ẹni tó gba ilẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí à ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọpa ẹbí yín nínú irú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
Má gbé fọ́tò rẹ̀ síbí o. Ọmọ onílẹ̀ orí ayélujára ju ti Ajah lọ.

Ìyá Túndé
Orúkọ yẹn, pè é sókè kí o fi etí kà á. Akọ̀wé Òyìnbó ohun tó gbọ́ ló ń kọ. Ọba Dòsùnmú fúnra rẹ̀, "Docemo" ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní August 1861. Bí wọ́n bá lè ṣe Ọba bẹ́ẹ̀, kí ni wọn ò ní ṣe bàbá tìrẹ tó ń ta epo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá baba ìyá mi lábẹ́ lẹ́tà F, Fágbèmí ni. Abẹ́ P ló wà. "Pagbemy". Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé, Ọlọ́run á bi ọ́.

Sàró Gidi
Ìyá Túndé, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ Olówógbowó ló ní òun ti wá, ọ̀dọ̀ àwa Sàró nìyẹn. Tiwa kì í ṣe àṣìkọ. Ẹni tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, tó di ọmọ Freetown, tó gba orúkọ Òyìnbó níbẹ̀, orúkọ yẹn ló fi gba ilẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó di bí ọdún 1880 sí 1900, àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀, bí David Vincent ṣe di Mọ́jọlà Agbébí ní 1894. Nítorí náà baba lè jẹ́ Thomas nínú gíráàntì, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ má gbọ́ Thomas rí láyé. Lọ wo ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹbí yín ń lọ. Orúkọ méjèèjì máa ń pàdé níbẹ̀.

Ọmọ Olówógbowó
Ẹ ṣé gan-an. Orúkọ Òyìnbó ni lóòótọ́. Bàbá ò sọ fún wa rí pé a ti jẹ́ orúkọ mìíràn.

Pópó Àgùdà
Sàró àti ìgbéraga. Àwa Àgùdà tó ti Brazil dé ò pààrọ̀ tiwa, da Silva ni da Silva títí dòní. Frejon wa, ẹ̀wà olómi àgbọn, náà ò yí padà.

Sàró Gidi
Orúkọ olówó ẹrú tó rà yín ní Bahia lẹ ò pààrọ̀, ẹ tún ń fi ṣakọ.

Pópó Àgùdà
Ta wá ni Thomas? Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ?

Adé Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Mo lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ́nù, lẹ́ẹ̀mejì. CO 147 ni nọ́ńbà ìwé Èkó níbẹ̀. Ẹ má retí pé gíráàntì bàbá yín ló máa jókòó sínú ẹ̀ o, lẹ́tà ìjọba àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ló pọ̀ jù, àmọ́ inú ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an làwọn èèyàn wa wà: orúkọ, lẹ́yìn náà X, nítorí wọn ò mọ̀wé. Mo rí X kan tí yíǹkì ti kán sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jókòó mò ń wò ó bí ẹni tó rí ẹ̀mí. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ 1866, ẹ rántí pé láti ọdún náà títí di 1874, abẹ́ gómìnà Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n fi Èkó sí, ẹ wo ti Freetown náà. Fóònù ni mo fi ya gbogbo ẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Baṣọ̀run
Ẹni tí kò lówó Lọ́ńdọ́nù, ilé àkójọ ìwé tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ń bẹ. Gbé súwẹ́tà dání, kí o sì jẹun kí o tó wọlé.

Kòlápọ̀ Múṣin
Tèmi, ọ́fíìsì kan báyìí ni mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀gá ní kòkòrò ti jẹ ìwé ọdún yẹn. Mo fi nǹkan kan há a lọ́wọ́. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kòkòrò ti bì í.

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
😂😂😂 Kòkòrò bì í!

Aláìlórúkọ
Mi ò fẹ́ kọ èyí, àmọ́ ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ẹpẹ́tẹ̀dó ni wá. Ẹ̀yin ọmọ Èkó mọ ìtàn ibẹ̀: àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó, padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, Òṣòdì Tápà ló ṣáájú wọn. Lẹ́yìn tí Òṣòdì kú ni Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, fún àwọn olórí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní gíráàntì, 1869. Orúkọ olórí agbo ilé tiwa wà níbẹ̀ rekete. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ọmọ bàbá yẹn ni wá. Oríkì rẹ̀ ni àǹtí mi àgbà fi ń kí mi láàárọ̀ títí di òní tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi kan rí ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ kan láti àárín ọdún 1920 sí 1930, mo ní kó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi ló ń jẹ́rìí. Wọ́n bi í pé ṣé ọmọ olórí agbo ilé ni bàbá rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní wọ́n ra bàbá òun ni, ọ̀dọ̀ olórí agbo ilé ló gbé dàgbà, ó fún un níyàwó, ó fún un ní yàrá. Arọ́tà, ẹrú inú agbo ilé.

Mo pa fóònù dé. Mo lọ bu omi mu. Mo tún padà wá kà á, bóyá mo ṣì í kà.

Ìyá Túndé
Háà. Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.

Sàró Gidi
Òṣòdì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ Tápà tí wọ́n mú wọ Èkó bí ẹrú ní kékeré, òun náà ló di ìjòyè tí gbogbo Èkó ń bẹ̀rù. Kí ni ìtìjú nínú ẹ̀?

Aláìlórúkọ
Kì í ṣe ìtìjú ni, Sàró. Bàbá bàbá ńlá mi ní ìlú kan, ó ní ìyá kan, ó ní oríkì tirẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn nínú ìwé yẹn. "Wọ́n rà á." Ibo?

Baṣọ̀run
Ẹ dúró ná. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni ẹ̀ ń kà bí ẹni ń ka Bíbélì? Kò sí ẹjọ́ ilẹ̀ l'Ékòó tí ẹnì kan ò ti pe ẹnì kejì ní ẹrú. Ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà máa ń kọ́ wọn nìyẹn. Ta ló pe ẹlẹ́rìí yẹn wá?

Aláìlórúkọ
Ara rẹ̀ ló ń sọ, ẹ̀yin àgbà. Kò sí ẹni tó pè é lẹ́rú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Baṣọ̀run
Kí ni ẹjọ́ náà dá lé?

Aláìlórúkọ
Wọ́n fẹ́ lé e kúrò nínú yàrá tó ń gbé. Ẹni tó jogún gíráàntì fẹ́ ta ilé.

Baṣọ̀run
Ẹ ò rí nǹkan! Bó bá ní ọmọ ni òun, wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá. Bó bá ní arọ́tà ni òun, pé olórí agbo ilé ló fi bàbá òun síbẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró, torí ìyẹn gan-an ni ìjà Ẹpẹ́tẹ̀dó nígbà náà: ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú gíráàntì ló nilẹ̀ lóun nìkan, àbí gbogbo ẹni tó ń gbé inú agbo ilé náà ló ní in? Ọ̀kan nínú ẹjọ́ wọn dé Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ́nù. Wọ́n wá ṣe òfin méjì ní 1947, ọ̀kan fún ilẹ̀ Ẹpẹ́tẹ̀dó, èkejì fún àwọn arọ́tà. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yín ti sọ ohun tó máa mú kí orí wọn wà lábẹ́ òrùlé.

Kòlápọ̀ Múṣin
Lọ́yà ti dé.

Pópó Àgùdà
Ó sì lè jẹ́ òtítọ́ ló sọ. Èèyàn á purọ́ pé ọmọ olówó lòun. Ta ló ń purọ́ pé ẹrú ni bàbá òun?

Baṣọ̀run
Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde lóru.

Yèyé Ẹ̀bá Ọ̀sà
Gbogbo yín ń pariwo gíráàntì, gíráàntì. Ta ló fún Òyìnbó ní ilẹ̀ tó fi ń ta èèyàn lọ́rẹ? Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó, ló nilẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Olúwa ò gbà, ó gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ́nù, Herbert Macaulay bá a lọ pẹ̀lú ọ̀pá Ẹlẹ́kọ̀ọ́, Ọba Èkó, lọ́wọ́. 1921 ni wọ́n dá a láre, wọ́n sì san £22,500. Ẹ lọ kà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá Èbúté
Màmá, a gbọ́. Àmọ́ tiwa l'Ébùúté Mẹ́tta yàtọ̀. Ìfọ́lé 1867 ló lé àwọn baba wa kúrò l'Ábẹ́òkúta, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Gòlóbà, Glover yẹn náà, pín ilẹ̀ fún wọn, ó fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe gíráàntì, ẹ má wulẹ̀ wá a láàrin gíráàntì.

Yèyé Ẹ̀bá Ọ̀sà
Ilẹ̀ Ọlọ́tọ̀, olóyè Ìdẹ́jọ, ni. Gòlóbà gbé ohun olóhun fún àlejò.

Ọmọ Ẹ̀gbá Èbúté
Àlejò tó ti lé ní àádọ́jọ ọdún? Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun.

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
Ọ̀rọ̀ baba ńlá la bá wá o, ó ti di ti súfeyọ̀.

Adé Peckham
Aláìlórúkọ, tí ẹ bá padà síbi ìwé yẹn, ẹ wo ẹ̀rí àwọn ìyàwó àtàwọn arábìnrin. Ọkùnrin ń sọ ta ló nilẹ̀. Obìnrin ló ń sọ pé "nígbà tí wọ́n mú un dé, èdè tó ń sọ kò yé wa". Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tiwa kì í ṣe Yorùbá.

Aláìlórúkọ
Màá wò ó. Ojú ewé méjì péré lẹ̀gbọ́n mi yà.

Ọmọ Olówógbowó
Ẹ̀yin ẹbí, mo gbìyànjú ohun tẹ́ ẹ sọ. Orúkọ Òyìnbó yẹn ò tíì jáde. Àmọ́ ẹ rántí ilé tó wà ní ìlà oòrùn tí mo kọ lókè? Mo ka orúkọ yẹn sétí ìyá mi. Wọ́n ní, "Ìyẹn mà ni bàbá ìyá mi àgbà." Ogiri kan ló la ẹbí bàbá mi àti ti ìyá mi láàárín láti 1866, wọ́n sì fẹ́ra wọn lẹ́yìn bí ọgọ́rin ọdún láìmọ̀.

Ìyá Túndé
Ṣé wọ́n fẹ́ra wọn láìmọ̀, àbí àwọn àgbà mọ̀, wọ́n kàn dákẹ́? Lọ padà bi màmá yẹn léèrè.

Pópó Àgùdà
Aláìlórúkọ, ṣé ẹ ti sọ fún àǹtí yín?

Aláìlórúkọ
Rárá. Ìsìnkú kan wà nílé wa ní Sátidé. Àwọn ni wọ́n máa ki oríkì agbo ilé, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àǹtí mi ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Sàró Gidi
Jẹ́ kí wọ́n kì í.

Baṣọ̀run
Jẹ́ kí wọ́n kì í, kí o gbà á sórí fóònù. Fetí sí i bóyá ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn wà níbẹ̀ tí kò bá tàwọn yòókù mu.

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
Kòlápọ̀, mo ń bọ̀ l'Ékòó lóṣù tó ń bọ̀. Èló lo fi há kòkòrò yẹn lọ́wọ́?