Wọ́n ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún eré ìje inú ẹrẹ̀: báwo ni kí n ṣe múra?

Ìyá Ìbejì (Leeds) béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní Leeds, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru sì pinnu pé a ó kó ara wa jọ lọ sí Tough Mudder, eré inú ẹrẹ̀ tó kún fún ìdíwọ́, tí wọ́n máa ń ṣe ní Yorkshire nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a lè fi tọrọ owó fún àjọ aláàánú kan tó ń ran àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́. Kí n tó ti ìsinmi dé, wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ tiwọn, ti kìlómítà 15 ni wọ́n sì mú, wọn kò mú ti kìlómítà 5.

Mo wo fídíò rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń wọ inú àpótí irin ńlá tó kún fún omi àti yìnyín, tí wọ́n ń fàyà wọ́ lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, tí wọ́n sì ń sáré gba àárín àwọn wáyà iná mànàmáná tó rọ̀ dirodiro kọjá. Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ AS, n kò mọ odò wẹ̀, eré tí mo sì sá gbẹ̀yìn ni eré àpò nígbà ìdíje ilé-sí-ilé ní ilé ìwé girama. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kí èèyàn la gbogbo ìdíwọ́ náà kọjá, bóyá ẹ̀jẹ̀ AS lè kó mi sí wàhálà, àti ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì, nítorí oṣù mẹ́rin péré ló kù. N kò fẹ́ já àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kulẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì mi ṣì kéré, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀mí ara mi wewu.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Sheffield) fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ òru, mà. Ẹ má fòyà, kò sí ẹni tí yóò fi dandan mú yín wọ ìdíwọ́ kankan ní Tough Mudder. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn kò pe ẹnikẹ́ni wá du ipò kìíní. Kí ẹ tó gbéra, wọn yóò ní kí gbogbo yín jọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ fún ẹnì kejì ṣáájú iye ìṣẹ́jú tí ẹ óò lò, àti pé ẹ kò ní máa ráhùn. Bí ẹ bá dé ibi tí ọkàn yín kò gbà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ dúró de àwọn èèyàn yín ní òdìkejì. Kò sí ìjìyà, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ fi ọ̀já orí tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní òpin ọ̀nà dù yín. Spartan Race ló yàtọ̀. Ọdún 2010 kan náà ni òun náà bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ra Tough Mudder ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n eré ìje gidi tí wọ́n ń ka aago sí ni tirẹ̀, ìjìyà tí ayé sì fi mọ̀ ọ́n ni burpee 30 fún ẹni tí ìdíwọ́ bá borí: èèyàn yóò dojú bolẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, yóò dìde, yóò fò sókè, yóò sì tún wó lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é lọ títí yóò fi pé ọgbọ̀n. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ yín sí ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀.

Ohun tó sábà máa ń dá àwọn ẹni tuntun dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe ẹsẹ̀, ọwọ́ ni. Ẹ wo Everest, ògiri onígi gíga kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí ẹrẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ti lọ ṣáájú sì ti mú kó máa yọ̀. Èèyàn yóò sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, yóò gùn ún dé ibi tí eré rẹ̀ bá gbé e dé, yóò sì na ọwọ́ sókè. Àwọn tó ti wà lórí yóò dùbúlẹ̀, wọn yóò sì gbá a mú ní ọrùn ọwọ́, nítorí pé bí wọ́n bá di ìka rẹ̀ mú, ìka tó ti kún fún ẹrẹ̀ yóò yọ̀ bọ́. Lẹ́yìn èyí ló ku iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó lè bá a ṣe: ó gbọ́dọ̀ rọ̀ pẹ́ tó láti gbé ẹsẹ̀ kan kọ́ etí ògiri náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Block Ness Monster náà wà, òpó ńlá onígun mẹ́rin tó ń yí lórí omi. Àwọn kan ń tì í láti ìhín nígbà tí àwọn mìíràn ti rọ̀ mọ́ ọn, ó ń gbé wọn yí lọ sí ọ̀hún, àwọn náà yóò sì wá fà á fún àwọn tó kù. Ẹni tó dá wá kò lè ṣe é àfi bí ó bá rí ẹni tí yóò bá a tì í. Nítorí náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ òru yín yìí gan-an ni ìgbaradì tó tóbi jù tí ẹ ní.

Fún ẹsẹ̀, ẹ lo Couch to 5K, ètò ìdánrawò tí NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì ń fi rírìn lú sísáré títí èèyàn yóò fi lè sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Ẹ má ṣe é ní òwúrọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ sùn ná. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa gun òkè, Leeds kò kúkú ṣàìní òkè. Fún ọwọ́, ẹ bá àwọn ìbejì lọ sí pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ irin ibẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ yín, kí ẹ sinmi, kí ẹ sì tún rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣọ bá kàn, ẹ má wọ aṣọ òwú, nítorí ó máa ń mu omi, á sì wá wúwo lọ́rùn. Ẹ wá bàtà tó ní eyín lábẹ́, kí ẹ so okùn rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, nítorí ẹrẹ̀ mọ bí a ti ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ẹ fi òrùka sílé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (London) fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni tèmi. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà ló ní AS. Kì í ṣe àìsàn, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má sáré. Síbẹ̀, ewu kan wà tó ṣọ̀wọ́n tó sì yẹ ní mímọ̀: bí ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ́ iṣẹ́ agbára bá ki eré mọ́lẹ̀ lójijì, pàápàá jù lọ nínú ooru, tí omi ara rẹ̀ sì ti dínkù, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lè tẹ̀, kí wọ́n sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan. Àmì rẹ̀ ni pé itan, ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn yóò máa roni, okun yóò sì tán nígbà tí eré kò tíì jìnnà. Ẹni tó bá rí i kó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé òun yóò fara dà á, kí ó sì sọ fún àwọn oníṣègùn tó wà lójú ọ̀nà pé AS ni òun, nítorí ó lè má sọ sí wọn lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2010 ni àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti ń fẹ́ kí wọ́n mọ ipò ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré ìpele kìíní, kì í ṣe láti lé wọn kúrò, bí kò ṣe kí olùkọ́ni lè fún wọn ní ìsinmi bó ti yẹ. Ohun tó ń dáàbò bo ẹni tó ní AS ni kí ó fi sùúrù kọ́ ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó máa mu omi, kí ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bí òun yóò ṣe yára tó. Ẹni tó bá jẹ́ SS ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, nítorí òtútù òjijì lè gbé ìrora àìsàn náà dìde. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ inú omi yìnyín.

Omi yìnyín kò dára fún ẹni tí kò bá ṣọ́ra, ì báà jẹ́ AA. Nígbà tí omi bá tutù ju 15°C lọ, èèyàn yóò mí gúlẹ́ láìmọ̀ bó bá ṣe wọ inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa lù kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Bí orí rẹ̀ bá wà nínú omi nígbà náà, omi ni yóò fà símú. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ odò wẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ yẹra fún gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń bẹ́ láti orí pèpéle sínú omi jíjìn. Ní ọdún 2013, ọkùnrin kan rì nínú irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ní Tough Mudder tí wọ́n ṣe ní West Virginia, ó sì kú. Ti iná mànàmáná náà, bí wọ́n bá lò ó níbi tí ẹ ń lọ, fóltì rẹ̀ lè tó 10,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ kéré. Aláboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn àti ẹni tó ní wárápá kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá náà kò pàdánù ohunkóhun bó bá yà á sílẹ̀.

Èyí tó kù ni ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn tó sá irú eré yìí ní ìpínlẹ̀ Nevada kó kòkòrò Campylobacter, wọ́n sì ṣe ìgbẹ́ gbuuru, nítorí pé wọ́n gbé omi ẹrẹ̀ mì ní ilẹ̀ tí màlúù ti ń jẹko. Ẹ pa ẹnu dé. Bí ojú ọgbẹ́ bá wà lára yín, ẹ fi pílásítà tí omi kì í wọ̀ dí i, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Baba Wolverhampton fèsì pé:

Ẹ má bínú, ojú tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mò ń gbé nítòsí Perton, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Billy Wilson, tó ti ṣe sójà rí, ti bẹ̀rẹ̀ Tough Guy lórí oko rẹ̀ ní ọdún 1987, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbogbo eré onídìíwọ́ òde òní. Oṣù kìíní ni wọ́n máa ń ṣe é láyé ìgbà yẹn, nígbà tí ojú omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, mo sì ti rí ọkùnrin gìrìwò tó jáde níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ife tíì mú, tí àwọn ẹlòmíràn ń bá a tú okùn bàtà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé kì í ṣe gbogbo ìyà ni a ń sanwó fún.

Bó bá jẹ́ owó àánú ni ẹ ń wá, Pretty Muddy tí Cancer Research UK, àjọ aláàánú tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ń ṣe lábẹ́ ètò eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Race for Life wà. Kìlómítà 5 ni, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ìdíwọ́ wà níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná. Ọdún 1994 ni Race for Life bẹ̀rẹ̀ ní Battersea Park, obìnrin nìkan ló sì wà fún títí di ọdún 2019 tí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin wọlé. N kò rí ìdí tí obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ òru, tó sì ń tọ́ ìbejì, yóò fi gba kìlómítà 15 lọ nítorí pé ẹlòmíràn ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀ sí ti kìlómítà 5.

Ṣùgbọ́n ohun yòówù tí ẹ bá mú, ẹ lọ sí parkrun ná. Ọ̀fẹ́ ni, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ní ilẹ̀ England, kìlómítà 5 ni, ẹni tó bá fẹ́ sì lè rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni máa ń yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá sẹ́yìn gbogbo èèyàn, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe ipò ìkẹyìn. Ní Bushy Park ní London ni eléyìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 pẹ̀lú àwọn eléré 13 péré.

Ará Surulere (Lagos) fèsì pé:

Ẹrẹ̀ ọ̀fẹ́ ti pọ̀ jù ní àdúgbò wa tí n óò fi sanwó fún un, ẹ jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń sá ti kìlómítà 10 tó ń wáyé pẹ̀lú Lagos City Marathon, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016, mo sì lè sọ ohun kan: àwọn tó máa ń jókòó sí etí títì, tí wọ́n di orúnkún mú, ni àwọn tó gbọ́ ìlù àti ariwo èrò níbi ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì bá ara wọn sáré bí ẹni pé Eko Atlantic, níbi òpin eré, kò ju ìdí ọjà lọ. Ẹ jẹ́ kí kìlómítà méjì àkọ́kọ́ rọrùn débi pé ẹ óò lè máa bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn Nọ́ọ̀sì Àgbà lórí AS náà bá èyí mu.

Ìyá Ìbejì tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka èsì yín fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àkókò ìsinmi òru, ìgbà náà ni ẹnì kan nínú wọn tó fa gbogbo wa wọ̀ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun náà kò mọ odò wẹ̀. Baba, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ yí ti kìlómítà 15 padà, èmi náà sì ti ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ó máa rìn ju bí a ó ti máa sáré lọ, a kò ní wọ inú omi yìnyín, a kò ní sún mọ́ iná mànàmáná, ẹni tí iṣan bá sì mú, gbogbo wa ni yóò dúró tì í. Mo ti bá dókítà ìdílé mi sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n máa lọ. Sátidé yìí ni parkrun mi àkọ́kọ́. Ìbéèrè kan ló kù, tí àwọn Òyìnbó ẹgbẹ́ mi kò lè dáhùn: irú irun wo ni kí n gbé lọ?

Onídìrí Peckham fèsì pé:

Irun orí yín gan-an ni kí ẹ di, kí ẹ má fi irun àsomọ́ sí i, nítorí ó máa ń fa ẹrẹ̀ mọ́ra, á sì máa wọ́ yín lórí sẹ́yìn. Ṣùkú kéékèèké dára, ìpàkọ́ sì ni kí ẹ di í sí dípò àárín orí, kí ó má bàa kọ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún nígbà tí ẹ bá ń fàyà wọ́. Ẹ fi òróró pa àwọ̀ orí dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ wọ fìlà rọ́bà tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ lé e lórí, kí ẹ sì gbé jálá omi méjì sínú ọkọ̀. Ẹ da omi náà sí i kí ẹ tó wakọ̀ padà sí Leeds, nítorí bí ẹrẹ̀ yẹn bá gbẹ mọ́ ìdí irun, àfi kí ẹ tú gbogbo rẹ̀.